Ògiri Ilé Wa àti Ìgbì Tí A Kò Fi Ojú Rí



Ìwé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láìpẹ́ yìí láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tí a kò ní dárúkọ rẹ̀, ẹni tí ó ti ń ka ojú ewé yìí láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Ìwé náà kò gùn, ṣùgbọ́n ìdààmú ọkàn hàn nínú rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ti wá ri òpó gogoro ti fóònù mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìn ọgbà wọn, tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì gbé àpótí Wi-Fi wọ inú pálọ̀, kò sí àlàáfíà mọ́ nínú ilé. Baálé ilé ti kó ibùsùn àwọn ọmọ kéékèèké kúrò ní yàrá iwájú tí ó kọjú sí òpó náà, ó ti kó wọn lọ sí yàrá ẹ̀yìn, tí fèrèsé rẹ̀ kan ṣoṣo kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí jẹnẹrétọ̀ wà. Ìyá ọkọ ti sọ pé òun kò ní wá kí àwọn ọmọ-ọmọ òun mọ́ títí a ó fi gbé àpótí náà jù sóde. Ọkùnrin kan sì ti wá ta bébà pẹlẹbẹ kan fún wọn ní owó gọbọi, ó ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn fóònù, pé yóò máa fa oró inú rẹ̀ mu. Ìbéèrè ìyá yìí ni pé: "Ẹ jọ̀wọ́, sà, ṣé ògiri ilé wa ń dá nǹkan yìí dúró, àbí kò dá a dúró? Bí kò bá dá a dúró, níbo ni kí n kó àwọn ọmọ mi sá sí?"

A ka ìwé náà ní ẹ̀ẹ̀mejì, a sì rò ó pé kì í ṣe inú ilé kan ṣoṣo ni irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ wà. Nítorí náà a ti wá ìdí ọ̀rọ̀ náà lọ sínú ìwé àwọn amòye, a sì mú ohun tí a rí wá fún yín. A bẹ̀ yín kí ẹ fi sùúrù bá wa kà á dé òpin, nítorí ìdáhùn náà kì í ṣe "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" lásán, àti pé ibi tí ewu gbé wà nínú ìwé yìí kì í ṣe ibi tí ojú gbogbo ará ilé náà ń wò.

KÍ NI ÌGBÌ YÌÍ?

Bí a bá ju òkúta sínú odò tí ó dákẹ́ rọ́rọ́, omi a máa ru ní òrùka òrùka láti ibi tí òkúta bọ́ sí lọ dé etí odò. Omi náà kò kúrò ní àyè rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbì ń lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni iná mànàmáná tí ń mì síwá sẹ́yìn lára irin fóònù tàbí ti òpó ṣe ń rán ìgbì jáde sí òfuurufú. Ìgbì rédíò ni a ń pè é. Òun ni ó ń gbé ohùn wá sínú ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì. Òun ni Wi-Fi ń lò. Òun náà ni fóònù fi ń bá òpó sọ̀rọ̀. Ọmọ ìyá ìmọ́lẹ̀ ni, bákan náà ni wọ́n sì ń sáré. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni gígùn ìgbì kọ̀ọ̀kan, èyí ni àyè tí ó wà láti góńgó ìgbì kan dé góńgó èkejì. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a bá to 1000 nínú wọn tẹ̀lé ara wọn, wọn kì yóò kún mìlímítà kan. Ìgbì Wi-Fi tí ó wọ́pọ̀ gùn tó nǹkan bí sẹ̀ńtímítà 12. Ọ̀kan nínú àwọn ìgbì tí fóònù ń lò gùn tó nǹkan bí sẹ̀ńtímítà 33. Ti ilé iṣẹ́ rédíò FM gùn tó nǹkan bí mítà 3.

Ẹ jẹ́ kí a kíyèsí ohun kan kí a tó lọ jìnnà. Ọ̀rọ̀ náà "ìtànṣán" a máa dẹ́rù ba ènìyàn, nítorí a rántí ìtànṣán X-ray, a sì rántí bọ́ǹbù tí a jù sí Hiroshima àti Nagasaki ní ọdún 1945. Òtítọ́ ni pé ìtànṣán irú ìwọ̀nyẹn lágbára láti fọ́ àwọn ohun kíkíní tí a fi mọ ara ènìyàn. Ìgbì rédíò kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Ohun tí a mọ̀ dájú pé ó lè ṣe, bí ó bá pọ̀ jù, ni kí ó mú ara gbóná, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ máíkírówéèfù ti ń mú ọbẹ̀ gbóná. Nítorí náà ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ara wa ni èyí: èyí tí ń dé ara wa nínú ilé ti pọ̀ tó, láti ibo ni ó sì ti ń wá?

ỌKÙNRIN KAN ÀTI ILẸ̀KÙN PÁKÓ

Ní ọdún 1865, James Clerk Maxwell, ọmọ ilẹ̀ Scotland, fi ìṣirò hàn pé irú ìgbì báyìí gbọ́dọ̀ wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó tí ì mú un jáde kí ayé rí i. Heinrich Hertz, olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Karlsruhe ní ilẹ̀ Jámánì, ni ó fi í hàn gbangba láàárín ọdún 1887 sí 1888. Ó ṣe ẹ̀rọ kan tí iná ń ta pàrà lẹ́nu rẹ̀ ní apá kan yàrá, ó sì gbé irin mìíràn sí apá kejì. Nígbàkúùgbà tí iná bá ta ní ìhín, iná kékeré a ta ní ọ̀hún pẹ̀lú, láìsí wáyà kankan láàárín wọn.

Nígbà náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí fi oríṣiríṣi nǹkan dí ìgbì náà lọ́nà. Ó gbé páànù dí i: ìgbì náà ta padà bí bọ́ọ̀lù. Ó fi ọ̀dà dídì tí ó wúwo ju 500 kílò lọ sí i lọ́nà: ìgbì náà gba inú rẹ̀ kọjá, ó kàn yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀ ti ń yà nínú gíláàsì. Lẹ́yìn èyí ó gbé ẹ̀rọ kan sí yàrá kan àti èkejì sí yàrá kejì, ó sì ti ilẹ̀kùn pákó tí ó wà láàárín wọn. Ìgbì náà gba inú ilẹ̀kùn kọjá, ẹnu sì ya ọkùnrin náà láti rí iná tí ń ta nínú yàrá tí a ti pa dé.

Ẹ̀yin ará, nínú iṣẹ́ ẹnì kan yìí ni ìdajì ìdáhùn sí ìbéèrè ìyá wa gbé wà. Ó ti lé ní 130 ọdún tí a ti mọ̀ pé kì í ṣe bákan náà ni gbogbo ògiri ń ṣe sí ìgbì yìí.

OHUN TÍ ÒGIRI Ń ṢE

Nǹkan mẹ́ta ni ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìgbì rédíò bá kan ògiri. Apá kan a ta padà, bí ohùn ti ń ta padà láti ara àpáta. Apá kan a rì sínú ògiri, a sì di ooru kínún tí ọwọ́ kò lè mọ̀. Apá tí ó kù a kọjá sí ìhà kejì. Iye tí ó bá ọ̀nà kọ̀ọ̀kan lọ wà lọ́wọ́ ohun tí a fi mọ ògiri náà, bí ó ti nípọn tó, omi tí ó wà nínú rẹ̀, àti gígùn ìgbì fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a rìn yí ilé ká. Ilẹ̀kùn pákó, àjà pákó, aṣọ fèrèsé àti gíláàsì lásán kò jẹ́ nǹkan ńlá lójú ìgbì yìí; ó ń gba inú wọn kọjá pẹ̀lú àdánù díẹ̀. Ògiri bíríkì tàbí ti búlọ́ọ̀kù sábà máa ń gba ìdajì rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ògiri amọ̀ ti àwọn baba wa, tí ó nípọn dáradára, a máa gba púpọ̀, pàápàá ní àkókò òjò nígbà tí ó bá fa omi mu, nítorí omi a máa gbé ìgbì yìí mì. Kọnkéré ni ọ̀gá nínú ohun tí bíríkìlà ń mọ. Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń ṣe àkóso òṣùwọ̀n, èyí tí a ń pè ní NIST, dán oríṣiríṣi ògiri wò, wọ́n sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1997. Nínú irú ìgbì tí fóònù àti Wi-Fi ń lò, ó ṣòro kí ìpín 1 nínú 100 tó la kọnkéré tí ó nípọn tó íǹṣì 8 kọjá. Irin àti páànù ní tiwọn kì í mu ún, wọn a máa dá a padà ni. Àní bébà irin tí a fi ń wé oúnjẹ, bí ó ti fẹ́lẹ́ tó nì, tó láti dá a padà.

Ìgbì tí ó kúrú ni ògiri tètè ń dá dúró. Àpótí Wi-Fi púpọ̀ ní ìgbì méjì: èyí tí ó gùn tó sẹ̀ńtímítà 12, àti èyí tí kò ju 6 lọ. Èyí tí ó kúrú yára láti gbé iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń rẹ̀ ẹ́ ní ògiri kejì, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì ń rìn lọ.

Ṣùgbọ́n ilé kì í ṣe àpótí tí a dì pa. Àwọn àgbà ní, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀; ògiri ilé gbogbo ni ó sì lanu, nítorí fèrèsé àti ẹnu-ọ̀nà. Ibẹ̀ ni ìgbì ń gbà wọlé, tí yóò sì máa ta láti ara ògiri kan dé ara èkejì títí yóò fi kún yàrá. Irin tí a fi dènà olè lójú fèrèsé kò lè dí i púpọ̀, nítorí àyè àárín wọn tóbi. Ẹ wo ajọ̀ tí àwọn ìyá wa fi ń jọ èlùbọ́: ìyẹ̀fun a kọjá, kókó a dúró. Ẹnu ẹ̀rọ máíkírówéèfù ní irú ajọ̀ bẹ́ẹ̀, irin ni a fi ṣe é, ihò rẹ̀ sì kéré bí orí abẹ́rẹ́. Ìmọ́lẹ̀, tí ìgbì rẹ̀ kéré jọjọ, ń gba ihò náà kọjá, ìdí nìyí tí a fi ń rí oúnjẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbì tí ń se oúnjẹ náà, tí ó gùn tó sẹ̀ńtímítà 12, kò lè gba ibẹ̀ jáde.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì, kí ó fi fóònù kan sínú ìkòkò amọ̀ gbígbẹ, kí ó fi ọmọrí amọ̀ dé e, kí ó sì fi fóònù mìíràn pè é: yóò dún. Kí ó wá gbé e sínú agolo bisikíìtì onírin, kí ó dé e pinpin, kí ó tún pè é. Àwa dán an wò pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé wa ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó dún nínú agolo, nítorí ọmọrí rẹ̀ ti tẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn ọmọ sì fi wá rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a fi bébà irin wé agolo náà yíká ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó dákẹ́ wẹ́lo. Láàlà díẹ̀ yẹn ni ìgbì náà ti ń gbà wọlé.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ GBÉ YÍ PADÀ

Baálé ilé lè wí nísinsìnyí pé, "Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi bébà irin lẹ gbogbo fèrèsé, ọ̀rọ̀ ti parí." Ẹ dúró ná. Bí ilé bá dí pátápátá bí agolo wa, fóònù inú rẹ̀ yóò di òkúta lásán, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ilé tí ènìyàn ń gbé kì í dí pátápátá. Díẹ̀ a máa wọlé, díẹ̀ a sì máa jáde. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a mọ̀.

Fóònù kì í sọ̀rọ̀ ní ohùn kan náà nígbà gbogbo. Bí òpó bá ń gbọ́ ọ dáradára, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni ó ń bá a sọ̀rọ̀, bí ìgbà tí ọ̀rẹ́ méjì jókòó lórí ẹní kan. Ṣùgbọ́n bí ògiri bá pọ̀ láàárín wọn, òpó a sọ fún un pé kí ó gbé ohùn sókè, òun náà a sì gbé e sókè títí dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Fóònù 4G, bí ó bá ń pariwo dé òpin, ń lo nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún wáàtì kan. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dára, ó lè sọ̀kalẹ̀ dé ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìyẹn, tàbí kí ó kéré jù bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà rí i: ògiri tí ẹ fi ń dí ti òde ni ó ń mú ti ọwọ́ yín pariwo, etí ni ẹ sì gbé e sí.

Àwa fúnra wa ti jìyà àìmọ̀ yìí. Yàrá tí a ti ń ṣe iṣẹ́ ìwé wà ní ẹ̀yìn ilé. Ògiri búlọ́ọ̀kù méjì ni ó wà láàárín rẹ̀ àti ojú títì, irin ni ilẹ̀kùn rẹ̀, páànù sì ni òrùlé rẹ̀. Nígbàkúùgbà tí a bá sọ̀rọ̀ pẹ́ níbẹ̀, ara fóònù a gbóná, bátìrì rẹ̀ a sì tán kí ilẹ̀ tó ṣú. A dá ẹni tí ó tà á fún wa lẹ́bi, ó kù díẹ̀ kí a lọ bá a jà ní ọjà. Ní ọjọ́ kan tí a gbé àga lọ sí ẹ̀bá fèrèsé iwájú nítorí ooru, a rí i pé bátìrì kan náà ń bá wa dé ọjọ́ kejì. Ọkùnrin náà kò ṣẹ̀ wá rárá.

Nítorí náà, bí a bá kó àwọn ọmọ lọ sí yàrá tí ó ṣókùnkùn jùlọ, tí ògiri rẹ̀ nípọn jùlọ, tí a sì fi fóònù lé wọn lọ́wọ́ níbẹ̀, a kò dín ohun tí ń dé ara wọn kù. Ó ṣeé ṣe kí a ti fi kún un. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà.

JÍJÌNNÀ JU ÒGIRI LỌ

Ohun kan wà tí agbára rẹ̀ ju ti ògiri lọ, kò sì gba owó: òun ni jíjìnnà. Bí ẹ bá gbé ìwé sí ìṣísẹ̀ 1 sí àtùpà, ẹ ó kà á dáradára. Ní ìṣísẹ̀ 2, ìmọ́lẹ̀ tí ń dé ojú ìwé kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Ní ìṣísẹ̀ 3, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Ní ìṣísẹ̀ 10, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni ti ìgbì rédíò náà rí. Ẹni tí ó bá sún àga rẹ̀ láti ìṣísẹ̀ 1 sí 2 kúrò lẹ́bàá àpótí Wi-Fi ti ṣe ju ohun tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ògiri lè ṣe fún un lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wo àwọn mẹ́ta tí ìyá wa ń bẹ̀rù. Àkọ́kọ́ ni òpó. Agbára rẹ̀ pọ̀ ju ti fóònù lọ púpọ̀púpọ̀, ṣùgbọ́n ó jìnnà, ó sì ga, bí iná tọ́ọ̀ṣì tí a nà síwájú ni ìgbì rẹ̀ sì ṣe ń lọ, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ tàn sí ẹsẹ̀ ẹni tí ó mú tọ́ọ̀ṣì náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ ní ọdún 2006 pé níbi tí a ti wọn ohun tí ń wá láti ara irú òpó bẹ́ẹ̀, kò ju láti ìpín 0.002 dé ìpín 2 nínú 100 ohun tí òfin àgbáyé fi àyè gbà. Ìgbìmọ̀ àwọn amòye tí a ń pè ní ICNIRP ni ó fi òfin náà lélẹ̀, ohun tí wọ́n sì fi àyè gbà fún gbogbo ara àwa ará ìlú kò ju ìdá kan nínú àádọ́ta ibi tí ìpalára ti lè bẹ̀rẹ̀.

Èkejì ni àpótí Wi-Fi. Agbára rẹ̀ kéré, kì í sì í sọ̀rọ̀ nígbà gbogbo; bí ẹnikẹ́ni kò bá lò ó, ó kàn ń kígbe ṣókí ní nǹkan bí ìgbà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan láti sọ pé òun wà níbẹ̀. Ní ọdún 2007, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń dáàbò bo ìlera ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà sọ pé ẹni tí ó bá jókòó níbi tí Wi-Fi wà fún odidi ọdún kan yóò gba ìwọ̀n ìgbì tí ẹni tí ó fi fóònù sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 20 gbà. Ẹ tún un kà: ọdún kan, ìṣẹ́jú 20.

Ẹ̀kẹta ni fóònù, èyí tí a ń bẹ̀rù kéré jùlọ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí ó sì jẹ́ pé òun nìkan ni a gbé mọ́ orí.

OHUN TÍ ÀWỌN AMÒYE RÍ

Njẹ́ èyí tí ń ti ara fóònù wá pàápàá ń fa àrùn bí? Ní ọdún 2011, ẹ̀ka WHO tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ kọ ìgbì rédíò mọ́ àwọn ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó fa jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rí rẹ̀ kò tó. Inú ìwé kan náà ni wọ́n kọ àwọn ẹ̀fọ́ tí àwọn ará ilẹ̀ Éṣíà ń fi iyọ̀ pa mọ́ sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ apá kìíní ọ̀rọ̀ yìí, wọn kò dúró gbọ́ èkejì. Ní ọdún 2024, àwọn amòye tí WHO bẹ̀ ní ọ̀wẹ̀ tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde. Wọ́n ti kó ìwádìí 63 jọ, èyí tí a tẹ̀ láàárín ọdún 1994 sí 2022, wọ́n sì yẹ̀ wọ́n wò. Wọn kò rí i pé fóònù ń fi kún àrùn jẹjẹrẹ inú ọpọlọ, àní lára àwọn tí ó ti lò ó fún ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Èyí kò ní kí a ṣe àìbìkítà, nítorí ìwọ̀ntúnwọ̀nsì kì í pa ènìyàn lára. Ṣùgbọ́n ó tó kí a lè sùn.

Ní ti bébà pẹlẹbẹ tí wọ́n rà, ó dùn wá fún owó wọn. Ní ọdún 2002, ìgbìmọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí ọ̀ràn òwò, FTC, pe àwọn tí ń ta irú rẹ̀ lẹ́jọ́ nítorí irọ́ tí wọ́n ń pa. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòroó yé: bí bébà náà kò bá dí ìgbì, asán ni, bí ó bá sì dí i, fóònù yóò pariwo jù ti àtẹ̀yìnwá lọ kí òpó lè gbọ́ ọ. Lọ́nà méjèèjì, owó ti lọ.

Ìbẹ̀rù tí kò ní ìmọ̀ nínú a máa ná ènìyàn ju owó lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà gba ayé, àwọn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dáná sun àwọn òpó fóònù, wọ́n ní òpó ni ó ń fa àrùn náà. Ọ̀kan nínú àwọn òpó tí wọ́n kọlù ń ṣiṣẹ́ fún ilé ìwòsàn ńlá tí a sáré pèsè ní Birmingham fún àwọn aláìsàn náà, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ẹbí kò ní ọ̀nà mìíràn láti gbọ́ ohùn ẹni wọn.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ILÉ

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìtọ́jú ilé rẹ̀ dáradára, kí ó ṣe báyìí:

1. Bí ọ̀rọ̀ yóò bá pẹ́, ẹ má ṣe gbé fóònù mọ́ etí. Ẹ tan ohùn rẹ̀ sóde, tàbí kí ẹ lo wáyà etí. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

2. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbé dára ni kí ẹ ti máa sọ̀rọ̀: ẹ̀bá fèrèsé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, abẹ́ igi. Ẹ má ṣe jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn irin.

3. Ẹ gbé àpótí Wi-Fi sí àárín ilé, sí ibi gíga, kí ó jìnnà sí ibùsùn àti àga tó mítà 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù irin. Àyè tí ó dára fún ara yìí kan náà ni ó dára fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

4. Ẹ má ṣe fi fóònù sábẹ́ ìrọ̀rí. Nítorí bátìrì tí ó lè gbóná gbiná ni a ṣe sọ èyí, àti nítorí oorun tí ó ń jí gbé, ju nítorí ìgbì lọ.

5. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé wọ inú ọgbà òpó. Bí jẹnẹrétọ̀ òpó náà bá ń rán èéfín àti ariwo wọ ilé yín, ẹjọ́ tí ó tọ́ láti rò nìyẹn. Ẹ kọ ìwé sí àwọn aláṣẹ.

OHUN TÍ ÒGIRI KÒ LÈ GBÀ YÍN LỌ́WỌ́ RẸ̀

A ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ wá. Ẹ padà sí ìwé ìyá náà, kí ẹ wo ibi tí wọ́n kó àwọn ọmọ sí: yàrá ẹ̀yìn, tí fèrèsé rẹ̀ kan ṣoṣo kọjú sí jẹnẹrétọ̀. Òun kò kọ èyí bí ohun tí ó ń bà á lẹ́rù. Ó kàn mẹ́nu bà á ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kà á dé ibẹ̀, ìwé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wa.

Nínú èéfín jẹnẹrétọ̀, afẹ́fẹ́ olóró kan wà tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Ó ń gba ojú fèrèsé, abẹ́ ilẹ̀kùn àti orí àjà wọlé. Bí ènìyàn bá fà á símú, a gba àyè afẹ́fẹ́ rere inú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ó jí a ní orí fífọ́ àti èébì, ẹni tí ó sùn lè má jí mọ́. Kò gba ọdún púpọ̀, kò sì gba àríyànjiyàn àwọn amòye; òru kan ti tó. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ìta gbangba, kí ó jìnnà sí ilé tó ẹsẹ̀ bàtà 20 ó kéré tán, kí ẹnu èéfín rẹ̀ sì kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé. Bẹ́ẹ̀ náà ni èéfín igi àti èédú nínú ilé ìdáná tí kò ní ojú afẹ́fẹ́: WHO ṣírò rẹ̀ pé èéfín ìdáná inú ilé pa ènìyàn bí mílíọ̀nù 3.2 ní gbogbo ayé ní ọdún 2020. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

A kò dúró de ọjọ́ ìtẹ̀wé. Ní ọjọ́ tí ìwé náà dé ni a ti ránṣẹ́ sí ìyá náà pé kí àwọn ọmọ padà sí yàrá iwájú ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kí wọ́n ṣí fèrèsé sílẹ̀, òpó ìbáà wà ní ọ̀ọ́kán. Ó ti dá wa lóhùn. Ó ní bàbá àwọn ọmọ kọ́kọ́ bínú, lẹ́yìn náà ó lọ dúró nínú yàrá ẹ̀yìn nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, ó sì jáde wá láìsọ̀rọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn ẹní. Ó ti san owó fún ẹni tí yóò wa jẹnẹrétọ̀ náà lọ sí ìpẹ̀kun ọgbà. Ó kù ìyá ọkọ. A bẹ ìyàwó rere yìí kí ó má ṣe fi ojú ewé yìí bá ìyá ọkọ rẹ̀ jiyàn. Kí ó kàn gbé àpótí Wi-Fi kúrò lẹ́bàá àga tí Màmá máa ń jókòó sí, kí ó fi sí orí pẹpẹ ní àárín ilé, kí ó sì ránṣẹ́ pè é wá jẹun. Ìfẹ́ tí ó mú Màmá bẹ̀rù ni ìfẹ́ tí ó mú bàbá kó ibùsùn. Ìmọ̀ díẹ̀ ni ó kù fún àwọn méjèèjì.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá, ní alẹ́ òní kí ẹ tó sùn, ẹ dìde kí ẹ rìn yí ilé yín ká, kí ẹ wo ibi tí èéfín ń gbà wọlé. Ó dìgbà kan ná.